Tera Hunter: Òpìtàn àwọn alágbàfọ̀ Atlanta

Bí a bá ń sọ bí oko ẹrú ṣe dópin ní Amẹ́ríkà, orúkọ Ààrẹ Lincoln àti ti àwọn ọ̀gágun ni ó sábà máa ń ṣáájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tera W. Hunter, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtàn ní Yunifásítì Princeton, gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀yìnkùlé ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin adúláwọ̀ ti ń fọ aṣọ olówó.

Ìlú Miami ni wọ́n ti bí i. Ó kàwé ní Yunifásítì Duke, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yale ní ọdún 1990, ó sì ṣe olùkọ́ ní Carnegie Mellon kí ó tó dé Princeton. Ìwé rẹ̀, To 'Joy My Freedom, tó jáde ní 1997, ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde.

Ìlú Atlanta ni ìwé náà dá lé. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1865, àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú rọ́ wọ ìlú náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé onílé nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kù fún wọn. Owó alágbàfọ̀ kò ju dọ́là 4 sí 8 lóṣù. Iṣẹ́ náà sì le: wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń dáná, ọṣẹ pàápàá, àwọn ni wọ́n ń sè é. Síbẹ̀, òun ni àwọn abilékọ yàn láàyò, nítorí pé ilé ara wọn ni wọ́n ti ń ṣe é, lójú ọmọ wọn, láìsí ìyàwó òyìnbó tí yóò máa ṣọ́ wọn. Ibẹ̀ ni Hunter ti rí ohun tí wọ́n ń pè ní òmìnira.

Ní oṣù keje ọdún 1881, 20 nínú wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gùn lé ìyanṣẹ́lódì. Dọ́là kan ni wọ́n ń béèrè fún aṣọ tó wọn pọ́n-ùn 12. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, nígbà tí yóò sì fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti pé 3,000. Ọlọ́pàá kó àwọn kan, wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn. Ìgbìmọ̀ ìlú tún gbèrò láti máa gba dọ́là 25 lọ́dọọdún lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ wo èsì wọn: wọ́n kọ̀wé sí olórí ìlú pé àwọn yóò san án, bí àwọn bá ṣáà ti lè máa dá iye owó iṣẹ́ àwọn fúnra àwọn. Ìgbìmọ̀ kọ àbá náà sílẹ̀.

Díẹ̀ nínú àwọn obìnrin yìí ló fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀. Inú ìwé ìròyìn tó fi wọ́n ṣẹ̀sín, àti inú ẹjọ́ tí àwọn ọ̀gá ń rò mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ni Hunter ti ṣa ìtàn wọn jọ. Ó dáńgájíá nídìí èyí. Oúnjẹ àjẹkù tí àwọn alásè ń gbé lọ sílé, olè ni àwọn ọ̀gá pè é. Hunter fi hàn pé ara owó iṣẹ́ ni àwọn obìnrin kà á sí.

Ní 2017, ó kọ Bound in Wedlock, lórí ìgbéyàwó àwọn adúláwọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òfin kò ka ìgbéyàwó ẹrú sí. Olówó rẹ̀ lè ta ọkọ, kí ó sì fi aya sílẹ̀. Ẹlòmíràn tó ti gba òmìnira ń tu owó jọ ra aya rẹ̀, àmọ́ lójú òfin, ó di olówó ẹrú tó ni aya ara rẹ̀.