Ọjọ́ Tí Wọ́n Dá Ọkàn Dúró ní Phoenix

Oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni, ní Barrow Neurological Institute, ní ìlú Phoenix, Amẹ́ríkà. Aago 7:15 àárọ̀ ni wọ́n ti Pam Reynolds, olórin ọmọ ọdún 35 láti Atlanta, wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ojú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ti wú gọ̀ǹgọ̀ nísàlẹ̀ ọpọlọ rẹ̀, nítòsí ibi tó ń darí mímí. Bó bá bẹ́, ó parí nìyẹn. Dókítà Robert Spetzler ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kankan wà nínú rẹ̀ nígbà tóun bá máa fọwọ́ kàn án.

Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n lẹ ojú rẹ̀ pa, wọ́n sì ki ohun èlò kékeré bọ̀ ọ́ létí. Tá-tá-tá ni nǹkan ọ̀hún ń dún láìsinmi, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọpọlọ ṣì ń dáhùn.

Ní 8:40, Spetzler fi ayùn oníná la agbárí. Obìnrin kan tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọkàn ń wá iṣan lókè itan ọ̀tún tí wọ́n máa so mọ́ ẹ̀rọ tó máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ti kéré jù. Ó bọ́ sí ti òsì. Ọ̀rọ̀ yìí ni Reynolds sọ lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ nígbà tóun kúrò nínú ara òun, ọ̀rọ̀ náà sì ni ayé fi mọ̀ ọ́n jù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ọ̀run o, ṣùgbọ́n ẹ wo aago: ọkàn rẹ̀ ò tíì dúró rárá.

Ní 10:50, ẹ̀rọ ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń mú un tutù, ó ń dá a padà. Ní 11:05, wọ́n fi oògùn potassium dá ọkàn dúró. Nígbà tó fi máa di 11:20, ara ti tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 16 Sẹ́lísíọ̀sì. Ti alààyè jẹ́ 37. Tá-tá ń dún, ọpọlọ ò fèsì.

11:25. Wọ́n gbé ìhà orí tábìlì sókè, wọ́n pa ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ ṣàn kúrò lórí. Ohun tó wú náà joro. Òtútù yẹn ló ń dáàbò bo ọpọlọ, kò sì lè ṣe é pẹ́. Spetzler fi kílíìpù dí i pa, wọ́n bá tan ẹ̀rọ padà.

Ní ọ̀sán gangan, ọkàn ń gbọ̀n yẹ̀yẹ̀, kò lù. Wọ́n fi iná 50 joule kàn án, kò gbà. Wọ́n fi 100 kàn án, ó lù. Ní 2:10, wọ́n ti gbé e dé yàrá ìtọ́jú.

Ọdún 2010 ló tó kú. Lónìí, ọ̀pọ̀ irú iṣan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ti wáyà tín-ínrín gba itan lọ dí, láìla agbárí.