Gbà-má-bínú

"Gbà, má bínú" ni ẹni tó ṣẹni máa ń sọ bó bá ń na owó síni. Ẹ̀bẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣi òṣìṣẹ́ lọ́nà, bí ẹ̀rọ bá gé e níka ní Odógunyàn, n'Íkòròdú, tàbí tó já bọ́ níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ó rò pé àánú ọ̀gá ni. Rárá o! Lábẹ́ òfin gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, ẹ̀tọ́ ni owó gbà-má-bínú. NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó yìí, ló ń san án, látinú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́, tí agbanisíṣẹ́ ń dá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí ní gbèdéke àkókò, ó sì ní àyẹ̀wò. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Òun náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ọdún kan ni ẹ ní láti béèrè owó. Níbi àyẹ̀wò, dókítà lè ní kí ẹ ká ìka tó kù, kí ẹ di nǹkan mú. Ẹ má ṣe bí akin níbẹ̀: bí ẹ kò bá lè de bọ́tìnì mọ́, ẹ wí bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì ṣe àsọdùn. NSITF lè tún pè yín fún àyẹ̀wò lẹ́yìn tí owó ti ń wọlé. Ẹni tó bá kọ̀ láti yọjú, wọ́n lè dá owó tirẹ̀ dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé ilé ìwòsàn yín, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí jàǹbá náà ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.