Ohùn Tí Ó Ń Túmọ̀ Ayé

Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ tó wà láàárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ kóòtù, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, pé kò kan àgbẹ̀ tó ń ká kòkó ní Òdigbó. Ìtàn agbègbè náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba orí afárá Onitsha kọjá. Wọ́n gba Benin, wọ́n sì dorí kọ Èkó. Ore, tó wà ní ojú ọ̀nà tó lọ láti Benin sí Èkó, ni ìrìn wọn pin sí. Láti ìgbà náà ni ìjà Ore ti di àpèjúwe fún ìjà tó bá le lẹ́nu àwọn Yorùbá.

Ta ló wá ń kó ohun ìjà fún àwọn tó ń jà? Títí ogun náà fi parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Rọ́ṣíà ń ta ohun ìjà fún ìjọba àpapọ̀. Faransé àti Potogí, pẹ̀lú ìjọba aláwọ̀ funfun ti Gúúsù Áfíríkà, ń ran Biafra lọ́wọ́. Ìbọn tó dún lẹ́bàá oko kòkó, ọwọ́ àwọn tí kò mọ ọ̀nà Ore rárá ló ti wá. Ẹni tí ogun bá ká mọ́lé ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ibi tí ogun ti wá, kí ẹnì kan sì dá a lóhùn.

Èyí ni mo fi ń wo ìgbésí ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí. Iléṣà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1942. Ó kàwé ní Igbóbì College ní Yàbá àti Christ's School ní Adó-Èkìtì, kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà, ní Temple University àti Fletcher School. Ní ọdún tí ìjà Ore wáyé, Oxford ló wà, tó ń ṣe ìwádìí lórí bí ìjọba àpapọ̀ aláwọn ẹkùn ṣe ń darí ìbálò Nàìjíríà pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè. Ìwádìí náà di ìwé ní ọdún 1974, *Foreign Policy and Federalism*.

Ọ̀nà Ore ṣì tún kan ìtàn rẹ̀. Murtala Muhammed ni olórí ẹ̀ka kejì ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó lé àwọn ọmọ ogun Biafra kúrò ní Benin ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1967. Murtala yìí kan náà ló di olórí orílẹ̀-èdè ní oṣù keje ọdún 1975. Ọdún náà gan-an ni Akínyẹmí, ẹni ọdún 33, di olùdarí àgbà ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NIIA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1961. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni Nàìjíríà kéde pé MPLA ni òun mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjọba Àǹgólà. Gúúsù Áfíríkà tó ran Biafra lọ́wọ́ ti kó ọmọ ogun wọ Àǹgólà láti dojú kọ MPLA. N kò ní sọ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló kọ́ ọ̀gágun ní èyí. Ogun ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ogun kọ́ ènìyàn kì í pẹ́ gbàgbé bí kò bá sí ẹni tí yóò sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà nìyẹn, Akínyẹmí sì wà nídìí rẹ̀ di ọdún 1983.

Láti 1985 sí 1987, òun ni mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ohun méjì ni a fi ń rántí ìgbà náà jù. Èkíní ni ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè alágbára díẹ̀ tó fẹ́ kó jọ, kí wọ́n lè máa dá sí ọ̀rọ̀ àwọn alágbára ńlá. Èkejì ni ètò tó ń rán àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ẹnjiníà Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì. Nígbà tó kúrò nípò, ẹgbẹ́ náà rọ. Ètò náà dúró. Kò yà mí lẹ́nu. Aláìsàn tó rí nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ kí ó tó mọ ohun tí Nàìjíríà ṣe fún un.

Ipò tán, ohùn kù. Lórí rédíò àti tẹlifíṣàn, àwọn oníròyìn kò yéé wá a fún àlàyé. Ó lọ sí ìgbèkùn nígbà ìjọba Abacha. Ó padà wálé. Ní ọdún 2014 ó jẹ́ igbákejì alága àpérò orílẹ̀-èdè ní Àbújá. Ẹni tó fi mọ̀ sínú ìwé, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ síta lórí afẹ́fẹ́, ó ti fi ẹ̀tọ́ àtibèèrè lé aráàlú lọ́wọ́.

Àríwísí kan ṣoṣo ni mo ní, gbogbo wa la sì jọ ni ín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni irú àlàyé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà. Ní ọdún 1986, ìjọba fòpin sí ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n bá sọ nípa kòkó ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York ló ń dé ẹnu òṣùwọ̀n ní Ore. Àgbẹ̀ rí iye tí wọ́n san. Ta ló sọ ìdí rẹ̀ fún un?

Kì í ṣe pé Yorùbá kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà. Kí òyìnbó tó dé, ìlàrí ni Aláàfin ń rán jẹ́ iṣẹ́ káàkiri, àwọn ọba sì ń fi àrokò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní 1886, nígbà tí wọ́n ń wá àlàáfíà sí ogun Kírìjì, èdè Yorùbá ni àwọn ońṣẹ́ fi bá Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ jíròrò. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ odindi ìwé láti fi hàn pé èrè ara rẹ̀ ni orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ ń wò. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tán: bí iná bá jóni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ẹni tó gbọ́ òwe yìí yé ti mọ ìdí tí ọ̀rẹ́ fi ń ta ìbọn fún ọ̀rẹ́, tó sì ń pa ẹnu mọ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ ń kú.

Ohun tó kù ni kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jinlẹ̀ tó gba ipa ọ̀nà Akínyẹmí gbé ìmọ̀ náà dé iwájú gbohùngbohùn àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò tó ń sọ Yorùbá, kí wọ́n sì jókòó síbẹ̀ pẹ́. Ogun 1967 kò dúró de kí Òdigbó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó tó dé Ore.