Orin Tó Dúró De Ẹni Tó Ń Ṣọ̀fọ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àwo orin A Long Vacation máa rò pé ọ̀rọ̀ fàájì lásán ni. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́, igi ọ̀pẹ, ojú ọ̀run tó mọ́ kedere: àwòrán tí Hiroshi Nagai yà sára páálí ẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi àwo náà sí i báyìí, orin inú ẹ̀ dùn bí oyin. Àmọ́ ẹ má tíì dìde jó o. Ọ̀fọ̀ wà nídìí orin yẹn.

Eiichi Ohtaki ló kọ ọ́, ọmọ Iwate ní àríwá Jàpáànì, tí wọ́n bí ní 1948. Rédíò àwọn sójà Amẹ́ríkà tó wà nílẹ̀ wọn lẹ́yìn ogun ló fi ń gbọ́ orin òyìnbó láti kékeré. Nígbà tó dàgbà, òun, Takashi Matsumoto, Haruomi Hosono àti Shigeru Suzuki jọ dá ẹgbẹ́ Happy End sílẹ̀. Àríyànjiyàn ńlá wà nílẹ̀ nígbà yẹn: ṣé èdè Jàpáànì lè bá orin rọ́ọ̀kì mu? Àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló bá a mu. (Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àwa nìkan là ń ja irú ìjà yìí.) Happy End fi èdè ìyá wọn kọrin, àwo Kazemachi Roman tí wọ́n gbé jáde ní 1971 sì pa ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́. Matsumoto ló ń lùlù, òun náà ló ń kọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ orin wọn.

Ẹgbẹ́ tú ká. Ohtaki dá ilé-iṣẹ́ orin tiẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Niagara, torí pé ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀ ni omi ńlá tó ń já bọ́ láti orí àpáta. Ó tọwọ́ bọ̀wé pé òun máa ṣe àwo 12 láàárín ọdún 3. Àwo 12! Púpọ̀ nínú wọn ò tà, nígbà tí 1978 sì fi máa parí, Niagara ti dẹnu kọlẹ̀.

Ìgbà tó máa tún dìde, orin àtijọ́ ló yíjú sí: orin tí Phil Spector ń ṣe ní Los Angeles ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Spector á kó jìtá, dùùrù àti ìlù rẹpẹtẹ sínú yàrá kan, gbogbo wọn á máa dún pọ̀ títí ìró á fi ki bí ògiri. Ohun tí Ohtaki náà ṣe ní Tokyo ní 1980 nìyẹn. Ó ní kí Matsumoto wá bá òun kọ ọ̀rọ̀ sí i. Oṣù keje ọdún yẹn ni wọ́n fẹ́ kó jáde.

Àfi bí àbúrò Matsumoto obìnrin, tí àìsàn ọkàn ti ń bá fínra láti kékeré, ṣe kú. Gègé ò lọ mọ́. Matsumoto ní kí ọ̀rẹ́ òun wá ẹlòmíì. Ohtaki kọ̀ jálẹ̀, ó lóun máa dúró dè é. Ẹni tí àwo ẹ̀ ò tà, tí orin gidi wá wà lọ́wọ́ ẹ̀! Lójú tèmi, ìdúró yẹn ju gbogbo ọgbọ́n tó kọ́ lára Spector lọ.

Matsumoto sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé bóun ṣe ń rìn ní Shibuya lẹ́yìn ikú yẹn, gbogbo àdúgbò ò ní àwọ̀ mọ́, àfi bíi fọ́tò dúdú-òun-funfun. Ibẹ̀ ni Kimi wa Tennenshoku ti wá, orin tó ṣáájú nínú àwo náà. Ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀ ni pé ìwọ ni àwọ̀ àdáyébá. Àwọn tó ń gbọ́ ọ rò pé orin ìfẹ́ ni. Wọn ò ṣì í gbọ́ náà. Ìlù ń dún kíkankíkan, ohùn Ohtaki tutù pẹ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó sunkún níbẹ̀. Ká ní wọ́n fi ohùn arò kọ ọ́ ni, bóyá ẹ̀ẹ̀kan péré làwọn èèyàn ì bá gbọ́ ọ.

Ó jáde ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta, 1981. Ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Nígbà tí CBS/Sony kó sídì 50 àkọ́kọ́ jáde ní Jàpáànì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, 1982, ó wà lára wọn.

Each Time tẹ̀lé e ní 1984. Lẹ́yìn ìyẹn, Ohtaki ò gbé odindi àwo tuntun jáde mọ́ títí tó fi kú ní ìparí 2013. Matsumoto náà ló kọ ọ̀rọ̀ inú Each Time.