Halifax: Ọkọ̀ Òfuurufú Ogun Tí Wọ́n Wá Rí Padà

Halifax ni orúkọ ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù kan tí ilé iṣẹ́ Handley Page ṣe fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ní, ènìyàn méje ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 1939 ló kọ́kọ́ gbéra. Wọ́n ṣe èyí tó lé ní 6,000, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni ènìyàn lè lọ wò lónìí gẹ́gẹ́ bí odindi ọkọ̀, kò sì sí èyí tó ń fò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí àwọn yòókù lọ kò ṣòro láti mọ̀. Nígbà tí ogun parí lọ́dún 1945, kò sí ẹni tó tún fẹ́ wọn. Wọ́n gé wọn wẹ́wẹ́, wọ́n yọ́ alumíníọ̀mù wọn, wọ́n sì tà á. Ọ̀kan wà tí àwọn tó ń fò ó sọ ní Friday the 13th. Ìgbà 128 ló lọ sójú ogun, tó sì ń padà bọ̀. Wọ́n gbé e sí Oxford Street ní Lọ́ńdọ̀nù kí ará ìlú lè wò ó, lẹ́yìn náà wọ́n gé òun náà.

Ìdí kan wà tó fi yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ ọkọ̀ yìí: Akin Shenbanjo. Ọmọ Nàìjíríà ni. Òun ló ń bójú tó rédíò nínú Halifax kan ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun 76, tí ibùdó wọn wà ní Yorkshire. Nítorí tirẹ̀ ni àwọn tí wọ́n jọ ń fò ṣe kọ orúkọ sára ọkọ̀ wọn: Achtung! The Black Prince. Èdè Jámánì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó túmọ̀ sí “ẹ ṣọ́ra”. Àwọn yòókù túmọ̀ sí “ọmọ ọba aláwọ̀ dúdú”. (Ẹ kíyè sí i pé sh ni àwọn ìwé àtijọ́ lò nínú orúkọ rẹ̀, níbi tí àwa ń kọ ṣ lónìí. Bí ẹ bá fẹ́ wá a nínú àkọsílẹ̀, sh yẹn ni kí ẹ lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní rí i.)

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà tó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ kí a tó máa bá ìtàn lọ. Kí a tọ́jú nǹkan ni pé kí a pa á mọ́ bí a ṣe bá a. Kí a tún un ṣe ni pé kí a dá a padà sí bó ṣe wà kó tó bàjẹ́. Kí a tò ó pọ̀ ni pé kí a mú apá kan láti ibí, apá kan láti ọ̀hún, kí a fi wọ́n ṣe ẹyọ kan. Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ni wọ́n gbà kí Halifax mẹ́ta yìí tó wà.

Èyí tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hendon, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n tọ́jú. W1048 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1942, ó lọ sí Norway láti kọlu Tirpitz, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Jámánì. Ìbọn bà á, awakọ̀ sì sọ ọ́ kalẹ̀ sórí yìnyín adágún Hoklingen. Gbogbo wọn jáde láàyè, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn sá lọ sí Sweden, àfi ẹnì kan tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, tí àwọn Jámánì mú. Yìnyín kò lè gbé ọkọ̀ náà pẹ́, ó rì. Lọ́dún 1973 ni àwọn òmùwẹ̀ gbé e jáde. Wọn kò sọ ọ́ di tuntun. Bó ṣe wó ni ẹ máa bá a.

Ti Trenton ní Kánádà yàtọ̀. NA337 ni èyí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1945, nígbà tí ogun kù díẹ̀ kó parí, ó já ẹrù sílẹ̀ fún àwọn ará Norway tó ń bá Jámánì jà ní ìkọ̀kọ̀. Nígbà tó ń padà lọ ni wọ́n yìnbọn lù ú, ó sì já sínú adágún Mjøsa. Ẹni mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń yìnbọn láti ìdí ọkọ̀ nìkan ló yè. Àádọ́ta ọdún ni ọkọ̀ náà fi wà nísàlẹ̀, níbi tí omi ti jìn ju mítà 200 lọ, kí wọ́n tó fà á sókè lọ́dún 1995. Ohun tó dá a sí ni pé omi náà tutù, kò sì níyọ̀. Omi òkun ì bá ti jẹ alumíníọ̀mù rẹ̀ tán. Wọ́n kó o lọ sí Trenton ní Ontario. Níbẹ̀ ni àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń na páànù tó wọ́, tí wọ́n ń ṣe èyí tó ti jẹrà lọ́tun, títí di ọdún 2005 tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Elvington, lẹ́bàá ìlú York. Lẹ́yìn ogun, àárín ara Halifax kan bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní erékùṣù Lewis ní Scotland, ó sì sọ ọ́ di ilé adìyẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ gbé e. Apá rẹ̀ wá láti ara Hastings, ọkọ̀ mìíràn tí Handley Page ṣe lẹ́yìn ogun. Ẹ́ńjìnnì wá láti ilẹ̀ Faransé, torí àwọn ọmọ ogun Faransé ló ń fi Halifax jà láti Elvington nígbà ogun. Wọ́n gbé e jáde ní ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996. Orúkọ wo ni ẹ rò pé wọ́n sọ ọ́? Friday the 13th ni. Àwọn kan ní irú àtòpọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Halifax gidi. N kò bá wọn jiyàn púpọ̀, bí wọ́n bá ti jẹ́ kí àlejò mọ èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ àti èyí tó jẹ́ àrọ́pò.

Ṣé wọn kò lè mú ọ̀kan fò ni? Ọkọ̀ tí yóò gbé ènìyàn sókè kò gbọ́dọ̀ ní irin kan tí kò ṣeé fọkàn tán. Bí wọ́n bá yọ gbogbo èyí tí omi ti bà jẹ́ lára NA337, tuntun ni yóò pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lancaster, tó jẹ́ ẹgbẹ́ Halifax, ní méjì tó ṣì lè fò: PA474 ní Coningsby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti FM213 ní Hamilton ní Kánádà. Kò sí èyí tó lọ sójú ogun nínú wọn, ìyẹn wà lára ohun tó gbà wọ́n. Lọ́dún 2014, ti Kánádà la òkun kọjá wá bá èkejì rẹ̀ fò. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ní Dallas, ọkọ̀ méjì láti ìgbà ogun yìí kọlu ara wọn lójú òfuurufú níbi tí wọ́n ti ń fi wọ́n dárà, ẹni mẹ́fà sì kú. Ní tèmi, kí Halifax mẹ́ta yìí jókòó sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ju irin lọ: ibojì ni ọ̀pọ̀ nínú àwókù wọ̀nyí. Nítorí èyí, òfin ọdún 1986 kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹnikẹ́ni hú àwókù ọkọ̀ òfuurufú ológun láìgbàṣẹ. Wọ́n yìnbọn lu Halifax LW682, tí àwọn ọmọ ogun Kánádà ń fò, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1944, ó sì rì sínú ẹrẹ̀ nítòsí Geraardsbergen ní Belgium. Ẹni mẹ́jọ ló kú. Márùn-ún ni wọ́n rí òkú wọn nígbà náà. Àwọn mẹ́ta wà nínú ẹrẹ̀ títí di ọdún 1997, tí wọ́n hú ọkọ̀ náà, tí wọ́n sì sin wọ́n pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Lára ohun èlò ọkọ̀ náà lọ sí Trenton láti dí àlàfo ara NA337. Wọ́n yọ́ lára alumíníọ̀mù tó ṣẹ́kù, bí wọ́n ti ṣe fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́yìn ogun, ṣùgbọ́n wọn kò tà á lọ́tẹ̀ yìí. Bí ẹ bá dé Green Park ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi ìrántí àwọn ajubọ́ǹbù tí wọ́n ṣí lọ́dún 2012, ẹ gbójú sókè lókè ère ọkùnrin méje tó wà níbẹ̀. Lára òrùlé yẹn ló wà.