Àmì Orí Nínú Fídíò DVD: Bí A Ṣe Ń Fi Í Sí Ibi Tó Yẹ

Àmì orí ni ibi tí a sàmì sí nínú fídíò DVD kí olùwòran lè fò débẹ̀ tààrà, bí ẹni tó ṣí ìwé sí orí kẹta láì ka méjì àkọ́kọ́. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì ìfò síwájú lórí rímóòtù, orí tó kàn ló ń lọ. Fídíò kan lórí DVD lè ní orí tó 99. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìdí tí àmì náà fi máa ń yẹ̀ kúrò níbi tí a fi í sí, àti bí a ṣe lè mú un dúró síbẹ̀.

Àpẹẹrẹ láti Atakpamé

Atakpamé wà ní ẹkùn Plateaux ní Tógò, ní nǹkan bíi kìlómítà 160 sí àríwá Lomé. Ní agbègbè yìí ni àwọn Ifẹ̀ wà, tí a tún ń pè ní Ana. Èdè wọn bá Yorùbá tan, ìtàn àwọn àgbà wọn sì tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ní ọdún iṣu tí wọ́n ń pè ní Odon-Itsu, ibẹ̀ náà sì ni a ti mọ ijó tchébé, tí àwọn oníjó ń dúró lórí igi gíga tí a so mọ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ká ní ẹnì kan ya fídíò ọjọ́ ọdún náà fún wákàtí kan àbọ̀. Àdúrà, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, ìlù àti ijó ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ ìlú tó wà ní Lomé, Cotonou tàbí Paris kì í wo gbogbo rẹ̀ nígbà gbogbo. Ibi tí bàbá rẹ̀ àgbà ti ń ka orúkọ àwọn baba ńlá ló ń wá. Bí àmì orí bá fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, ìsílébù méjì tàbí mẹ́ta ti lọ. Ògúndélé tí a bá gé Ògún kúrò lára rẹ̀ di "délé" lásán: a gbọ́ pé ẹnì kan délé, a ò mọ ẹni náà. Fún ọmọ tó ń ti inú fídíò kọ́ orúkọ ìdílé rẹ̀, àṣìṣe kékeré kọ́ nìyẹn.

Ìdí tí àmì fi ń yẹ̀

Ìlànà MPEG-2 ni DVD ń lò, kì í sì í tọ́jú gbogbo àwòrán lódindi. Á tọ́jú àwòrán kan lódindi, èyí tí à ń pè ní I. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, ìyẹn P àti B, ohun tó yí padà nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Àwòrán I kan àti àwọn tó gbára lé e ni ọ̀wọ́ kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní GOP. Lórí DVD PAL, àwòrán 25 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀wọ́ kan kò sì gbọdọ̀ ju àwòrán 15 lọ. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 0.6.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ nìkan ni àmì orí lè wà. Bí àgbà bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú 4, ìṣẹ́jú àáyá 12 àti àwòrán 2, àwòrán 6302 nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ fídíò. Bí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 15 gééré, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní 6300, èyí tó kàn sì bẹ̀rẹ̀ ní 6315. Ètò tó bá sún àmì síwájú ti jẹ àwòrán 13, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 0.52. Orúkọ àkọ́kọ́ ti lọ nìyẹn.

Bí a ṣe ń ṣe é

1. Ẹ parí gígé àti títò fídíò ná. Bí ẹ bá fi àkọlé ìṣẹ́jú àáyá 10 kún iwájú lẹ́yìn tí ẹ ti sàmì, gbogbo àmì ti fi 10 ṣìnà.

2. Ẹ fi etí yan ibẹ̀, kì í ṣe ojú nìkan. Ibi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ ló dára jù. Ẹ kọ wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá àti àwòrán sílẹ̀.

3. Ẹ sọ àwòrán di ìṣẹ́jú àáyá: ní PAL, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.04. Nítorí náà 4:12 àti àwòrán 2 di 4:12.08.

4. Nígbà tí ẹ bá ń yí fídíò sí MPEG-2, ẹ pàṣẹ pé kí àwòrán I wà ní àkókò wọ̀nyẹn gan-an. Nínú ffmpeg, `-force_key_frames` ló ń ṣe èyí. Ẹ tún ní kí ọ̀wọ́ wà ní pípadé, pẹ̀lú `-flags +cgop`, kí àwòrán rẹ̀ kankan má baà gbára lé ọ̀wọ́ tó ṣáájú.

5. Ẹ kọ àkókò kan náà sínú ètò tó ń to DVD. Nínú dvdauthor, a lè kọ `chapters="0,4:12.08"`.

6. Ẹ dán àwo náà wò lórí ẹ̀rọ DVD gidi, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹ tẹ orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwo bá ń lọ sókè òkun

SECAM ni tẹlifíṣọ̀n Tógò lò látijọ́, àmọ́ òun àti PAL jọ ní àwòrán 25 ni, nítorí náà DVD PAL ló bá a mu. NTSC ni ti Amẹ́ríkà, àwòrán 29.97 ló sì ń lò. Bí a bá ka á bí ẹni pé 30 gééré ni, kíkà náà á fi ìṣẹ́jú àáyá 3.6 rẹ̀yìn ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ṣe àwo NTSC gbọ́dọ̀ tún àkókò àmì kọ̀ọ̀kan ṣírò, kó sì tún un dán wò.

Ìtọ́jú

Àwo tí a fi kọ̀ǹpútà kọ lè bàjẹ́. Ẹ tọ́jú fídíò àtilẹ̀wá sí ibi méjì ó kéré tán, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ àwọn orí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: àkókò, ẹni tó sọ̀rọ̀, àdúgbò rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí wúlò ju DVD lọ, torí a lè fi í sàmì sí fáìlì Matroska tàbí irú èyíkéyìí tó bá dé lọ́la. Ẹ béèrè orúkọ àwọn àgbà náà nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà. Kọ̀ǹpútà lè rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́, kò lè sọ fún wa ẹni tó ń sọ̀rọ̀.