Òṣíbàtà Ara Ògiri Wa

Oṣù mẹ́ta gbáko ni àwòrán òdòdó kan fi wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Ìbà Housing Estate, ọ̀kan lára àwọn ibùgbé tí ìjọba Lateef Jakande kọ́ fún mẹ̀kúnnù. Ọ̀dà acrylic ni mo fi yà á, orúkọ mi ni mo sì kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú fóònù ni mo ti wò ó dà kọ. Iṣẹ́ Claude Monet ni, ará Faransé, ọ̀kan lára àwọn ayàwòrán Impressionist tó ṣe àfihàn àkọ́kọ́ wọn ní Paris ní 1874.

Lọ́jọ́ kan, àlejò wa kan ní òun fẹ́ rà á ní ₦20,000. Inú ìyá mi dùn, àmọ́ ọkàn tèmi kò balẹ̀. Ṣé kì í ṣe olè ni mo jà yìí?

Mo rántí ìtàn Aina Onabolu tí olùkọ́ wa sọ fún wa. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní 1882. Kò rí ẹni kọ́ ọ ní àwòrán yíyà, ló bá ń wo àwòrán inú ìwé òyìnbó, ó ń dà wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀. Ní 1906, ó ya Ìyáàfin Spencer Savage, ẹni tí ará Èkó mọ̀. Ní 1920, ó lọ sí London láti kọ́ṣẹ́ sí i. Nígbà tó dé, ó ń ti ilé ìwé kan bọ́ sí òmíràn l'Ékòó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà. Ó yé mi pé dídà kọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Fífi orúkọ oníṣẹ́ pamọ́ ló burú.

Màmá àgbà ló wá là mí lójú pátápátá. Wọ́n wo àwòrán náà, wọ́n ní, "Òṣíbàtà nìyí o! Ó kún odò tí a ti ń pọnmi nígbà tí mo wà lọ́mọdé." Ẹnu yà mí. Òdòdó tí mo pè ní ti òyìnbó ni àwọn àgbà wa fi ń ṣàdúrà, nítorí pé òkè omi ló máa ń wà. Monet alára, adágún inú ọgbà rẹ̀ ní Giverny ló ń wò yà títí tó fi kú ní 1926.

Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo kọ orúkọ Monet sí òkè tèmi, mo sì sọ òótọ́ fún àlejò náà. Ó dín owó rẹ̀ sí ₦12,000. Ó dun ìyá mi díẹ̀, àmọ́ wọ́n gbà á. Owó náà ni mo fi ra ọ̀dà tuntun.

Ògiri wa ṣófo báyìí. Bí a bá ti gba ìsinmi, èmi àti Màmá àgbà ń lọ sí odò wọn, kí n lè fojú ara mi rí òṣíbàtà kí n tó yà á.